Ọba Kì Í Ṣàn

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó wà, ẹ má wò ó jìnnà. Ibikíbi tí nǹkan méjì bá ti wà tí ọ̀kan jókòó lé èkejì lórí, ààlà ìlú náà ti dé ibẹ̀. Àwọn ohun tí a fi ń ṣe nǹkan ni aráàlú náà: irin, òkúta, igi, amọ̀, omi, epo, oyin, àti gbogbo ohun mìíràn tó ní ìwọ̀n tó sì ń gba àyè láyé. Idẹ ni ọba wọn. Ó ń dán, ó ń ró gooro bí a bá kàn án, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun mìíràn kí wọ́n tó gbé e gorí ìtẹ́.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣèlú náà, òun ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn láàárọ̀: Ẹni tí kò lè dá dúró kò lè dá sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, ní àárín ọyẹ́, wọ́n á tẹ́ òkúta pẹrẹsẹ síwájú ààfin, gbogbo ènìyàn á sì gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí igbá, láìsí abọ́, láìsí ẹni tó dì í mú. Ẹni tó bá dúró ní ìrísí tó bá wá, ọmọ bíbí ìlú ni. Ẹni tó bá tẹ́ sílẹ̀, tó ń wá ibi tó rẹlẹ̀ tí yóò gbà lọ, aṣàn ni, ẹ̀yìn odi sì ni yóò máa gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Òfin náà ní ẹ̀ka. Bí aṣàn bá ní ẹjọ́, ohun tó gbé e wá ni yóò bá a rò ó. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ Omi kò fi lójú rí. Ní ọdún kan, Omi wá bẹ̀bẹ̀ fún ibòji, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ń dín àwọn ènìyàn rẹ̀ kù. Ìgò ló gbé e wọ ààfin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgò sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹni gíga ni Omi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí ẹjọ́ tún yí kàn wọ́n, Ìgò ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè jáde nílé, Àwo ló bá a gbé e wá. Àwo ní ẹni kúkúrú tó fẹ̀ dáadáa ni oníbàárà òun. Ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú.

Ìda, tí í ṣe Atọ́jú-Ìrísí ọba, ló dìde fèsì. Olóyè rere ni lójú gbogbo ènìyàn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn oyin ṣì ń bẹ lára rẹ̀, bí wọ́n bá sì fi ohunkóhun hàn án, yóò gbé ìrísí rẹ̀ wọ̀ títí dé orí èékánná. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹni tó ga lánàá tó kúrú lónìí, èwo nínú wọn la fẹ́ fún ní ibòji? Bí a bá fún ẹni gíga, ẹni kúkúrú yóò ní a rẹ́ òun jẹ. Ẹni tí ìrísí rẹ̀ kò dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Láti inú Àwo, Omi rọra sọ pé iye òun kò yí padà, pé kí wọ́n da òun padà sínú Ìgò, ibi tí òun dé lánàá ni òun yóò tún dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Àwo ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Ti Afẹ́fẹ́ tilẹ̀ yàtọ̀. Àwọn aṣàn ní ibùgbé lẹ́yìn odi. Afẹ́fẹ́ kò ní nǹkan kan, nítorí pé ìgbìmọ̀ ti pinnu pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú kò rí i, kò ṣeé gbé dúró lórí òkúta, ibi tó bá sì wà ni wọ́n ń pè ní òfo. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà tó fẹ́ràn òwe ló jìyà rẹ̀ jù, torí wọ́n wá ń pa á pé, "Ohun tí kò sí ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ," àwọn ọmọdé á sì máa bi wọ́n pé kí ló wá ṣe adìyẹ.

Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni pé Ìda pàápàá ti ṣàn rí. Nígbà tí wọ́n kó o jáde láti ilé oyin, inú omi gbígbóná ni wọ́n ti yọ́ ọ kí wọ́n tó sẹ́ ẹ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó tó joyè, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní àgbàlá Amọ̀, ìyálóde ìlú, nígbà tí wọ́n fẹ́ da agogo kékeré kan. Ó gbé ìrísí agogo wọ̀, Amọ̀ bò ó, iná kàn án, ó sì yọ́ jáde láti ìdí agogo bí ọ̀rá inú ìṣasùn. Amọ̀ nìkan ló mọ̀, Amọ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti ń bá Ìda jí, tó ń bá a sùn. Òun ló dábàá pé kí àyẹ̀wò máa wáyé ní àkókò ọyẹ́, ó ní nítorí àwọn arúgbó ni. Ẹ̀yìn Òkúta, àgbà ìgbìmọ̀, níbi tó tutù, ni ìjókòó rẹ̀ máa ń wà. Bí wọ́n bá sì ń bú àwọn aṣàn, ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù.

Ó wá di ọdún kan, ọba pe ìgbìmọ̀ jọ. Ara rẹ̀ kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọ̀ tútù bí ewé ti ń mú un lọ́rùn àti lábíyá. Ó ní, "Ẹ̀yin ìjòyè mi, ẹ rí mi bí mo ṣe wà. Wọ́n ní Bàbà, ọba ìlú kejì, ti gun ẹṣin báyìí, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, adé orí rẹ̀ sì ní ìwo. Èmi ṣì jókòó bí ìgbà tí ẹ bá mi. Mo fẹ́ ìrísí tuntun. Mo fẹ́ ẹṣin, mo fẹ́ idà, mo fẹ́ adé tó ní ìwo ju ti Bàbà lọ. Ẹ sọ bí a ó ṣe ṣe é."

Irin, tí í ṣe balógun, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí Kábíyèsí bá lè fara dà á, òun yóò fi òòlù lù ú di ẹṣin. Ọba ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń na ọba. Amọ̀ ló wá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ìda yóò gbé ìrísí tí ẹ fẹ́ wọ̀. Èmi yóò bo Ìda. Iná, tó ń gbé ní òkè odò, yóò wá, Ìda yóò jáde, n ó sì di yàrá tó ní ìrísí yín nínú. Iná yóò wá kan ẹ̀yin náà, ẹ ó sì wọ yàrá náà."

"Wọ̀ ọ́ báwo?" ni ọba bi í.

"Bí omi ti ń wọ ìgò, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè ń wo ilẹ̀. Òkúta, tó dàgbà jù nínú wọn, wúkọ́ díẹ̀, ó sì gbé e mì. Ọba tó ti lé gbogbo aṣàn sẹ́yìn odi yóò ṣàn kó tó lè gun ẹṣin. Ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu kò sí.

Irin ló gba ìlú sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìyálóde dẹ́rù bà yín. Àwọn baba wa ló sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí Omi bá kúrò níbì kan dé ibòmíràn, ó ṣàn ni, torí kò ní ilé. Bí ọba bá kúrò níbì kan dé ibòmíràn nínú ìlú tí í ṣe tirẹ̀, ṣé a lè ní ó ṣàn? Ọba kì í ṣàn. Ọba a máa gbòòrò."

Inú gbogbo wọn dùn bí ẹni tí ẹrù sọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di òfin lójú ẹsẹ̀ pé aráàlú ló ń ṣàn, ọba ń gbòòrò, wọ́n sì ní kí akígbe lọ kéde rẹ̀. Lẹ́yìn odi, Epo gbọ́ ìkéde náà, ó sì bi Oyin léèrè bóyá àwọn náà kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò láti ọ̀la. Oyin ní kó dákẹ́ o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọba ránṣẹ́ pe Ìda sí ìyẹ̀wù. Ìda dọ̀bálẹ̀, ọba ní kó dìde.

"Mo gbọ́ ohun tí Amọ̀ wí," ni ọba sọ. "Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbé ìrísí mi wọ̀. Bí Iná bá dé, ìwọ yóò jáde. Báwo lo ṣe máa jáde?"

Ìda sún sẹ́yìn síbi tó tutù.

Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti mọ̀ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó ń sá fún oòrùn bí ìwọ ṣe ń sá, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ bi í. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. N ó pàṣẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ kẹ̀yìn sí yàrá amọ̀ nígbà tí o bá ń jáde. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kò ṣẹlẹ̀. Bí o bá dì tán, wá jókòó sáàyè rẹ. Irin ń gbé àbá kan bọ̀, pé ìjòyè tó bá ti ṣàn rí, kí a bọ́ oyè lọ́rùn rẹ̀, kí a lé e sẹ́yìn odi, kí a sì máa yẹ àwọn ìjòyè wò lójú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sán gangan. Bí o bá dúró tì mí, n ó jẹ́ kí àbá náà sùn."

"Mo dúró tì yín, Kábíyèsí," ni Ìda wí. Ó jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ibòji wà lọ sílé. Kò mọ̀ pé ìbéèrè yóò tún kàn án.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, Amọ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù. Ó ní òun fẹ́ dorí yàrá náà kodò, kí adé wà nísàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ohun tó bá ń gbòòrò máa ń kọ́kọ́ kún. Irin kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ní orí ọba kì í wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò burú," ni Amọ̀ wí. "Bí orí bá máa wà lókè, ẹ jẹ́ kí Ìda na ìka wẹ́wẹ́ jáde láti orí adé. N ó bo àwọn ìka náà. Bí Ìda bá jáde, ihò yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀."

"Kí la fẹ́ fi ihò ṣe lórí adé?" ni ọba bi í.

"Kábíyèsí, yàrá tí Ìda bá jáde nínú rẹ̀ kò ní ṣófo. Ẹnìkan yóò ti wọ ibẹ̀. Nǹkan méjì kì í gba àyè kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹni náà gbọ́dọ̀ ríbi jáde, bí kò bá rí i, ibi tó bá sá sí, ẹ kò ní lè débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo ń wí."

Orúkọ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn bí àwo tó fọ́. Irin dìde, ó sì sọ̀rọ̀ tó pẹ́ títí, tó dùn ún gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, bí a bá lu ihò fún ẹni tí kò sí, a ti gbà pé ó wà. Bí a bá gbà pé ó wà, ó ti gba àyè. Bí ó bá gba àyè, lọ́la, yóò ní kí á fún òun ní ìjókòó. Níbo ni Ìyálóde sì ní kí á lu ihò náà sí? Orí ọba! Ẹ sọ fún mi, ọba tí orí rẹ̀ lu, kí ni yóò fi ronú fún wa?"

Òkúta ní ọ̀rọ̀ náà le, ó ní ẹlẹ́rìí kan ni yóò yanjú rẹ̀. Amọ̀ yíjú sí Ìda. Wọ́n ti jọ wà pẹ́, kò sì fẹ́ tú u fó, nítorí náà ó ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. "Ìda, àbúrò mi," ló wí, "olóyè ni ọ́, ojú rẹ ti rí púpọ̀. Sọ fún ìgbìmọ̀. Ṣé o mọ Afẹ́fẹ́, àbí o kò mọ̀ ọ́n?"

Ìda mọ̀ ọ́n. Ó rántí ọjọ́ agogo, bí òun ṣe ń yọ́ jáde tí Afẹ́fẹ́ sì ń wọlé lẹ́yìn òun díẹ̀díẹ̀, láìti òun, láìkánjú, tó sì ń kí òun pé ẹ kú iṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí ihò kò bá sí, orí ọba yóò di ìjọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e bí òun bá ní òun mọ̀ ọ́n. Irin yóò ní, Níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Ó rí ẹ̀yìn odi lójú inú rẹ̀, ó rí oòrùn ibẹ̀, ó rí ara rẹ̀ láàárín Epo àti Oyin, láìsí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ìtìjú ń pa á, ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ló sì borí.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà," ni Ìda wí, ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, "mo fi oyè mi búra. Èmi Ìda kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Afẹ́fẹ́. N kò pàdé rẹ̀ rí, n kò sì ní pàdé rẹ̀ láé. Kò sí i."

Ọba ní abẹ gé e. Ó ní láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá tún dárúkọ ohun tí kò sí yìí, ọ̀rọ̀ Ìda ni kí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Amọ̀ wo Ìda, ó sì jókòó.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Ìda gbé ìrísí ọba wọ̀, ó gun ẹṣin, ó mú idà dání, ìwo adé rẹ̀ pọ̀ ju ti Bàbà lọ. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ọjà fi wá ń kí i ní Kábíyèsí, kò sì sọ fún wọn pé òun kọ́. Kò na ìka kankan jáde láti orí adé. Amọ̀ gé lára ara rẹ̀, ó bò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó fi ọ̀nà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí Ìda yóò gbà jáde, ó sì ṣe ọ̀nà gọ́tà kan tí ọba yóò gbà wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Akígbe kígbe pé kí gbogbo ìgbìmọ̀ kẹ̀yìn. Wọ́n kẹ̀yìn. Irin tilẹ̀ tún dijú pẹ̀lú.

Iná dé. Inú yàrá amọ̀ ṣókùnkùn, ó sì gbóná. Ìda gbìyànjú láti dúró. Ó rò pé bóyá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí oyè tó jẹ, ara òun kò ní gbà. Ìwo adé ló kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ni idà. Ó gbọ́ ẹnìkan tó mí lókè orí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Olóyè," ni Afẹ́fẹ́ wí. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

Apá Ìda náà rọ̀, Afẹ́fẹ́ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ má bínú pé mò ń wọlé báyìí. Mo máa ń wá síbi tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ ni. Mo fọwọ́ tọ́ orí adé, n kò bá ọ̀nà níbẹ̀. Bóyá Ìyálóde gbàgbé ni?"

"Kò gbàgbé," ni Ìda wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí orí tí yóò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ jáde, ó gbóná, ó ń tàn, gbogbo ẹ̀yìn ìgbìmọ̀ ló sì kọ sí i.

Abọ́ ńlá kan tí Amọ̀ fi ara rẹ̀ mọ ló gbé sábẹ́ ọ̀nà náà, Omi ló sì wà nínú rẹ̀. Ìda já sínú Omi. Ó ti múra láti rì, torí ó mọ ohun tó ti sọ nípa Omi ní ààfin. Omi kò jẹ́ kó rì. Ó gbé e léfòó sójú ara rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó sì ń fi òtútù tù ú lára.

"Ẹ káàbọ̀, Olóyè," ni Omi wí. "Ẹ rọra. Ẹ ó dì láìpẹ́."

"O kò bínú sí mi?"

"Ẹ fúyẹ́ jù mí lọ ni mo fi gbé yín. Bí ẹ bá wúwo jù mí ni, ẹ ì bá ti rì, kì í sì í ṣe ìbínú." Ìda kò mọ bí òun ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò dúpẹ́.

Amọ̀ dí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ọba sì gbòòrò. Ó gbòòrò ní àwọ̀ iná, ó gba ọ̀nà gọ́tà sáré wọlé, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ṣàn. Ó kún ẹsẹ̀ ẹṣin, ó kún ikùn rẹ̀, ó kún itan ọba àti àyà ọba. Bí ó ti ń gòkè ni Afẹ́fẹ́ ń sún sókè fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, títí ó fi dé ọrùn. Níbẹ̀ ni kò ti sí ibi tí Afẹ́fẹ́ tún lè sún sí. Ó bẹ ọba pé kó dákun, kó jẹ́ kí òun jáde. Ọba ní òun kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n tira wọn bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi mú ọba, ó sì dì síbi tó dé.

Nígbà tí ara rẹ̀ tutù tán, wọ́n fọ́ yàrá amọ̀. Ẹṣin yọ, ó dára. Idà yọ, ó ń dán yinrin. Èjìká ọba yọ. Lókè èjìká, kò sí nǹkan kan.

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tí kò sí ti fẹ́, kò sì parí òwe náà. Irin yí ọba po, ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn. Ó wá pàṣẹ kí wọ́n gbé e sórí òkúta àyẹ̀wò. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ọba dúró. Kò mì, kò tẹ́, kò ṣàn, kò sí ẹni tó dì í mú.

Irin ní, "Ẹ̀yin ará Ìdúró, ẹ ti fi ojú yín rí i. Ibo ni òfin ti sọ̀rọ̀ orí? Ẹni tó bá dá dúró ni ọmọ bíbí, ẹ ò sì tíì rí ọba tó dúró báyìí rí. Bàbà ní adé, tiwa ti kọjá adé. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ má dààmú, ohun tí Kábíyèsí bá ní lọ́kàn, n ó máa bá wọn sọ ọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní Kábíyèsí ní Amọ̀ ló jí orí òun, Kábíyèsí ní kí wọ́n lé e sẹ́yìn odi. Wọ́n lé e. Amọ̀ kò jiyàn, ó ṣa àfọ́kù ara rẹ̀ jọ, ó sì lọ. Irin tún ní Kábíyèsí ní kí àbá ẹ̀ẹ̀rùn jí, kí wọ́n sì máa béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ààfin.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Ìda ti dì. Ó kúrò lójú Omi, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì forí lé ààfin láti lọ jókòó sáàyè rẹ̀. Igi, aṣọ́nà ààfin, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni ọ́?"

"Èmi ni Ìda, Atọ́jú-Ìrísí ọba."

Igi wò ó. Ó pẹlẹbẹ lókè, ó sì rí gbágungbàgun nísàlẹ̀ níbi tí Omi ti gbá a mú. "Ìda tí mo mọ̀ gun ẹṣin, ó dé adé. Ìwọ rí bí èérún tó ṣẹ́ kù sínú abọ́."

"Ìrísí mi ló yí padà. Èmi kò yí padà. Gbé mi sórí òṣùwọ̀n, wàá rí i pé bí mo ṣe wúwo lánàá ni mo ṣe wúwo lónìí."

"A kì í fi òṣùwọ̀n mọ ènìyàn ní ìlú yìí," ni Igi wí. "Ìda fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Ó ní ẹni tí ìrísí rẹ̀ kò dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró. Ta ló rí ọ nígbà tí o di báyìí?"

"Bi Amọ̀."

"A ti lé Amọ̀ lọ."

"Bi Omi."

"Mú ẹni tó gbé Omi wá, kó wá sọ ọ́."

"Bi àwọn ìjòyè. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

"Wọ́n kẹ̀yìn," ni Igi wí. "Ọba ló pàṣẹ."

Ìda dúró lójú oòrùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ọ̀sán ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń tàn díẹ̀díẹ̀. Ó wo inú ààfin, ó rí ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn Òkúta níbi tó tutù. Ó ronú kan ẹni tó kù. Ẹnìkan wà nínú yàrá náà tó rí òun láti ìwo adé dé ẹsẹ̀ ẹṣin, tó kí òun, tó sì pe òun ní Olóyè. Ó rọ̀ mọ́ ògiri kí ó má baà tẹ́ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde nígbẹ̀yìn.

"Afẹ́fẹ́ rí mi," ni Ìda wí. "Ó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ mí."

Igi mi orí, kò tilẹ̀ bínú. "Arákùnrin," ló wí, "Ìda olóyè ti fi oyè rẹ̀ búra níwájú ọba pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ ju ti Ìda lọ?"

Ó sì ti ilẹ̀kùn.